Bẹ́ẹ̀ Ni Gáàsì Ṣe Ń Rí

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bi mí nínú DM pé báwo ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí wọ́n ti yí sí gáàsì, pé ṣé iléèwé kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ni. Rárá o. Inú kọ́ḿpáàǹdì wa ní Itele níbí ni mo ti kọ́ ọ, lórí Corolla bàbá mi, ọkọ̀ tó ń bọ́ gbogbo wa.

Kí ló máa mú kéèyàn lọ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kó tó di 29 oṣù karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà lọ́wọ́ NNPC l'Ékòó. Ọjọ́ yẹn ni ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí oṣù náà tó parí, NNPC ti gbé e sí 488. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024, ó ti di 998.

Charter ni bàbá mi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Tí iṣẹ́ bá wà, lítà ogún ni ọkọ̀ náà ń mu lójúmọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: díẹ̀ ló kù kó pé 20,000 náírà fún epo nìkan, kó tó jẹun, kó tó fún àwọn ọmọ ojú ọ̀nà ní tiwọn, kó tó ra taya mìíràn sí èyí tí ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ sí Itele ti jẹ. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà yẹn, n ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́run rí wa.) Lákòókò kan náà, 230 náírà ni wọ́n ń ta ìwọ̀n gáàsì CNG kan, ìwọ̀n kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ tí lítà epo kan ń ṣe. Bàbá mi ò nílò kálíkúlétọ̀ fún ìyẹn.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé gáàsì yìí kì í ṣe àlejò lágbègbè wa. Shell Nigeria Gas, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ń fi ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ gbé e lọ fún àwọn iléeṣẹ́ ní Agbára àti Ọ̀tà. Iléeṣẹ́ ń fi se irin, ó ń fi ṣe ìgò, àwa sì ń jó epo wá gáàsì kiri. Bàbá mi máa ń dúró dìgbà tó bá gbé èrò gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kó tó rí tiẹ̀ gbà, ìlà ibẹ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré.

Ó ṣáà ṣe é. Ibì kan tí n ò ní dárúkọ ni wọ́n ti bá a ṣe é. Sílíńdà wọ inú bùùtù, ọ̀pá irin gba abẹ́ ọkọ̀ wá síwájú, wọ́n de rídúsà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi nọ́súlù gáàsì mẹ́rin kún un, wọ́n wá so brain box kékeré kan mọ́ wáyà. Wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan lórí laptop, ìṣẹ́jú méjì, ó parí. "Bàbá, ẹ máa lọ."

Ní slow, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbé èrò mẹ́rin kó kọjú sí òkè. Háà! Á máa jẹ́ẹ̀kì, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, iná check engine á sì tàn. Bàbá mi padà lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kó fara mọ́ ọn, pé bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ṣe ń rí.

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Torí mo ti kà á pé tí gáàsì tó ń wọlé bá kéré sí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ agbára bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, fáàfù á máa gbóná kọjá ààlà. Tí fáàfù bá jó, ẹ ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba admission nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni school fees rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá mi.

Corolla yẹn ní brain box tiẹ̀ tó bá a wá láti ọ̀dọ̀ Toyota. Epo bẹntiróòlù nìkan ni ìyẹn gbọ́. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ gáàsì láyé yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, kó wá pàṣẹ fún nọ́súlù pé, "Ṣí báyìí, kó o sì pa dé báyìí." Àkókò ìṣí yẹn kéré gan-an. Ní slow, kò ju bíi millisecond mẹ́ta lọ: ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, kẹ́ ẹ mú mẹ́ta nínú rẹ̀.

Brain box ti gáàsì wá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ó gba àṣẹ Toyota, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ nọ́súlù epo, ó sọ ọ́ di àṣẹ mìíràn fún nọ́súlù gáàsì. Kò lè gbé e bó ṣe gbọ́ ọ, torí epo àti gáàsì ò dọ́gba. Kílò epo kan nílò bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó jó tán. Kílò méthane kan, tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú CNG, nílò bíi 17.2. Ó máa sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn sì ń yàtọ̀ bí eré ẹ́ńjìnnì àti ẹrù orí rẹ̀ bá ṣe ń yàtọ̀. Tábìlì tí àwọn nọ́ńbà yẹn wà ni wọ́n ń pè ní map. Òun ni à ń sẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó nínú ìsìn lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀tà rí, tí pásítọ̀ ń wàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ògbufọ̀ dúró ti í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Brain box gáàsì ni ògbufọ̀ yẹn. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lójú sàlẹ́ńsà tó ń gbóòórùn èéfín, ìyẹn ni ojú àwọn ìjọ. Tí ògbufọ̀ bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, pásítọ̀ á rí i lójú ìjọ pé ohun tó sọ ò dé ọ̀dọ̀ wọn, á wá máa gbé ohùn sókè, á máa fi kún un. Àfikún yẹn ni wọ́n ń pè ní fuel trim. Tó bá ti ń lọ sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì rọlẹ̀, pásítọ̀ ti fẹ́ súnkún nìyẹn. Iná check engine tó ń tàn, igbe pásítọ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ iná dé ilẹ̀, pásítọ̀ kì í wojú ìjọ mọ́. Ó ń wàásù látinú ohun tó ti há sórí ni. Tí ògbufọ̀ bá ń gé ọ̀rọ̀ lákòókò yẹn, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe, ìgbà yẹn gan-an sì ni ooru inú ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù.

Bọ́tìnnì ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n tẹ̀ ńkọ́? Slow nìkan ni ìyẹn ń sẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ́ ògbufọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ìjọ káàárọ̀, wọn ò kọ́ ọ ní ìwàásù.

Torí náà, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ò le. Kí ohùn pásítọ̀ má yí padà, yálà ògbufọ̀ wà ńbẹ̀ tàbí kò sí ńbẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ lórí epo, ẹ kọ millisecond tí Toyota ń pè sílẹ̀. Ẹ yí sí gáàsì ní eré kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń pe iye kan náà. Tó bá ń pè ju bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì ò tó. Tó bá ń pè dín sí i, gáàsì ti pọ̀ jù.

Irinṣẹ́ tí mo lò ò tó nǹkan. ELM327 kékeré tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, èyí tó ń bá app Torque sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó tán fún ti Toyota. Fún ti gáàsì, okùn USB kan. Okùn yẹn jẹ mí níyà o! Ayédèrú ṣíípù ló wà nínú ẹ̀, Windows sì kọ̀ ọ́ bí ọmọ ìkókó ṣe ń kọ àgbo. Mo wá ẹlòmíràn rà. Ìwé ìlànà rẹ̀, àwọn ará Ítálì ló kọ ọ́, àwọn tí wọ́n ti ń ṣe kíìtì gáàsì tipẹ́ (Landi Renzo ti ń ṣe é láti 1954), ẹnì kan wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ògbufọ̀ tòhún náà gé ọ̀rọ̀. YouTube àwọn ará Poland ló gbà mí. Ọkọ̀ tó ń lo gáàsì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn bí iyanrìn. N ò gbọ́ Polish, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò ní èdè.

Bàbá mi gbà kí n gbìyànjú, pẹ̀lú àdéhùn kan. Ó ní, "Tó o bá ba ọkọ̀ yìí jẹ́, ìwọ lo máa pọn àwọn èrò lọ sí airport." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n ò yí nọ́ńbà kankan padà. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tó jẹun tán, a máa tan ọkọ̀ síwájú ilé, èmi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dráfà pẹ̀lú laptop lórí itan. Bátìrì laptop ti kú tipẹ́, iná ọba kì í sì í bá wa ṣeré ní Itele, inverter kékeré tí mo so mọ́ bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ń lò. Ọkọ̀ ń fún kọ̀ǹpútà níná, kọ̀ǹpútà ń yẹ ọkọ̀ wò. Ìyá mi ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Mo ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé: slow, 1,500, 2,000, 2,500, AC wà ní títàn, AC wà ní pípa. Lórí epo, lẹ́yìn náà lórí gáàsì. Ní ìdúró, wọ́n ń bára dọ́gba. Àìsàn yẹn ò sí nínú kọ́ḿpáàǹdì, ojú ọ̀nà ló wà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ Ọ̀gá níbí. Ọ̀gá ni mẹkáníìkì bàbá mi láti ayé Peugeot 504. Káábúrétọ̀ ló fi kọ́ṣẹ́, sukúúdíráfà lọ́wọ́ kan, etí lọ́wọ́ kejì. Kò fẹ́ràn laptop. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ó wò ó bí ẹni ń wo àna tí kò dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ní ká tú pílọ́ọ̀gì wò. Ó ní iná pílọ́ọ̀gì máa ń ṣòro fún gáàsì ju ti epo lọ, pé tí àlàfo ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ jù, á máa mísì tí ẹrù bá wà lórí ọkọ̀. A ra pílọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin, a dín àlàfo wọn kù láti 1.1 milimítà sí 0.8. Mísì náà dín kù. Jẹ́ẹ̀kì orí òkè ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ọkọ̀ ò pọ̀ lójú títì, a gbé e lọ sí ọ̀nà Sango sí Abẹ́òkúta. Bàbá mi ń wakọ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń wakọ̀ kì í wo laptop. Ẹ wá ẹni méjì.) Lórí epo, tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3,000 bí a ṣe ń gun òkè, Toyota ń pe millisecond 9.0. A yí i sí gáàsì, a padà sí òkè kan náà. 11.2. Fuel trim ti kọjá 20. Igbe pásítọ̀ nìyẹn.

Map náà wà ní ṣíṣí níwájú mi. Tí mo bá fi nǹkan kún nọ́ńbà ibẹ̀, gáàsì á pọ̀ sí i. Ọ̀gá bá ní, "Dúró ná. Fetí sí i." A dákẹ́. Ó ní, "Ebi ń pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọn ò bu oúnjẹ fún un. Oúnjẹ ọ̀hún ni kò dé ẹnu. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe máa ń mú un dáadáa ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n?"

Mo ṣí abala prẹ́ṣọ̀ lórí laptop. Ní slow, gáàsì tó ń dé ọ̀dọ̀ nọ́súlù wà ní bar 2.0. A tún gun òkè náà. 1.9, 1.7, 1.5. Bó ṣe kan 1.3 ni jẹ́ẹ̀kì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ò rí ojú laptop láti ibi tó jókòó sí.

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìwé, mo ti wo fídíò tó lé ní ogójì, kò sí èyí tó sọ fún mi pé etí lè gbọ́ prẹ́ṣọ̀.

Fíltà ni. Èyí tó wà láàárín rídúsà àti nọ́súlù. Nígbà tá a délé, Ọ̀gá ti fáàfù orí sílíńdà pa, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó jó èyí tó kù nínú ọ̀pá títí tó fi kú fúnra rẹ̀, kó tó tú u. Òróró dúdú ló dà jáde, òróró tó máa ń bá gáàsì wá láti ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún un pọ̀. Ká ní fíltà yẹn ṣì wà ńbẹ̀, tí nọ́ńbà map sì ti lọ sókè láti bo ó mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹnì kan bá pààrọ̀ fíltà ni gbogbo ọkọ̀ á rì sínú gáàsì.

Lẹ́yìn fíltà tuntun, prẹ́ṣọ̀ dúró ní 1.9 lórí òkè. 11.2 di 9.8. Èyí tó kù ló wá jẹ́ ti map lóòótọ́. Ojú mẹ́rin péré nínú tábìlì ni mo fọwọ́ kàn, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí ó kan ojú tó tẹ̀ lé e, kó má baà jẹ́ àkàbà, kó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà, torí bàbá mi gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, 9.0 lórí epo, 9.2 lórí gáàsì. Fuel trim ò tó 5.

Bàbá mi ò sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà. Bí a ṣe ń gun òkè ọ̀hún lẹ́ẹ̀kẹrin, ó na ọwọ́, ó tan AC.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọkọ̀ náà ò padà bọ̀ sípò tán. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ nù, torí gáàsì máa ń gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà nínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí map tó lè tún ìyẹn ṣe. Láràárọ̀, epo ló ṣì fi ń tan, títí omi ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bíi 40 degree, torí gáàsì tó bọ́ láti bar 200 sí bar 2 máa ń tutù bíi yìnyín, omi gbígbóná yẹn ni kì í jẹ́ kí rídúsà dì. Ọ̀rọ̀ timing náà wà ńlẹ̀: gáàsì ń jó díẹ̀díẹ̀ ju epo lọ, ó yẹ kí iná tètè já. Mò ń wá owó ẹ̀rọ tó ń ṣe ìyẹn.

Mo ti wá sọ bar 200. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀ díẹ̀.

Taya ọkọ̀ yín, kò ju bíi bar 2 lọ. Gáàsì ìdáná inú sílíńdà ilé, kì í sábà tó 10. CNG, 200. Ní 17 oṣù kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàmù ní Benin City níbi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì sí i, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn PCNGi, tí ìjọba gbé ètò CNG lé lọ́wọ́, sọ pé sílíńdà náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún CNG, pé ẹnì kan ti jó irin mọ́ ọn. Map lè yí padà lórí itan yín níwájú ilé. Tí ẹ bá ṣe é tí kò dáa, ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Sílíńdà, fáàfù rẹ̀, ọ̀pá irin tó gba abẹ́ ọkọ̀, ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń kọ́ nílé, ẹ má sì bi mí ní DM.

Àwọn èèyàn ti ń wá sí kọ́ḿpáàǹdì báyìí o. Ìyá mi ní òun ò tíì fún mi ní ìwé àṣẹ láti ṣí gáréèjì. Kí n tó so okùn mọ́ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, bùùtù ni mo ń ní kí wọ́n ṣí. Mo ń wá ibi tí wọ́n tẹ ISO 11439 sí lára sílíńdà, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ọdún tó máa parí iṣẹ́. Tí mi ò bá rí i, a ò jọ sọ ọ̀rọ̀ laptop.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá kan gbé Camry wá láti Ìjókò. Ó ní ọkọ̀ òun ń jẹ́ẹ̀kì, wọ́n júwe mi fún òun, pé èló ni mò ń gbà. Mo ní kó ṣí bùùtù. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tuntun ni wọ́n fi kun sílíńdà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan lára ẹ̀, nísàlẹ̀ ibẹ̀ sì rèé, ojú àpá tí wọ́n ti jó irin, ó gùn tó ọwọ́ mi. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti rí èyí?" Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́fà tí òun ti ń lò ó, kò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ sílíńdà wò ná, pé tó bá padà dé, ọ̀fẹ́ ni màá fi bá a ṣe map. Inú bí i. Ó ní ọmọ kékeré ni mí, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rù iṣẹ́. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó yọ fìlà, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e dúró síwájú ilé àwọn ọmọ yìí."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Èmi àti Ọ̀gá dúró síbẹ̀, à ń gbọ́ ọ títí tó fi yà sí ọ̀nà Lafẹ́nwá. Pílọ́ọ̀gì kan ń mísì.